Bí ará Àkúrẹ́ ṣe lè máa wọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láìjẹ́ pé ẹnìkan ń fà á lọ́wọ́

Ní Àkúrẹ́, ẹnu la fi ń wọkọ̀. Ẹ ó dúró lẹ́bàá títì ní Alágbàkà, ẹ ó pariwo "Ọjà Ọba!" sí takisí tó ń bọ̀. Bó bá ń lọ, á dúró. Ẹ ó ná an díẹ̀, ẹ ó sún mọ́ra, dẹ́rẹ́bà á ní òun ò ní ṣéńjì o, ẹ ó sì bọ́ sílẹ̀ níbi tó bá wù yín. Kò sí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú gbogbo ìyẹn. Kò sí kọ̀ndọ́, kò sí ìdúnàádúrà, bọ́ọ̀sì ò sì ní dúró síbi tí kì í ṣe bọ́sítọ́ọ̀pù nítorí yín. Gbogbo ohun tí ẹ máa ń bá dẹ́rẹ́bà sọ nílé, ẹ ti gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ̀yin bàbá tó ń lọ kí àwọn ọmọ, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Owó ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Láti oṣù keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Ohun tí wọ́n ń gbà ni káàdì báńkì tó ní àmì ìlà kọdọrọ mẹ́rin lára, fóònù tí ẹ ti so irú káàdì bẹ́ẹ̀ mọ́, tàbí káàdì Oyster tí wọ́n ń tà ní ibùdó rélùwéè. Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì náírà yín máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àti iye tó lè ná lóṣù. Bí èsì wọn ò bá yé yín dáadáa, ẹ lo Oyster, kí ọmọ yín máa fowó sí i.

Ẹnì kan, káàdì kan. Ìyá àti bàbá ò lè jọ lo ẹyọ kan ṣoṣo. Tó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fi wọlé ní rélùwéè, fóònù yẹn náà ni kí ẹ fi jáde. Ẹ má fa káàdì yọ, torí lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni fóònù, ọ̀tọ̀ ni káàdì.

Ẹ di postcode mú

Nílé, "ẹ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ béèrè ilé ìyá ológì" ti tó àdírẹ́sì. Lọ́hùn-ún, postcode ni, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó máa ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú máàpù orí fóònù, bíi Google Maps tàbí Citymapper, á sọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, ibi tí ẹ ó ti wọ̀ ọ́ àti ibi tí ẹ ó ti bọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, torí bátìrì fóònù kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Láti Heathrow wọ ìlú

Láti Heathrow, pápákọ̀ òfurufú, ọkọ̀ rélùwéè Heathrow Express ló yára jù, ìṣẹ́jú 15 sí ibùdó Paddington, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga. Ẹ fi í sílẹ̀ fáwọn tí iléeṣẹ́ ń sanwó fún. Piccadilly line, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ló dínwó jù, ó lè gba wákàtí kan kó tó dé àárín ìlú. Elizabeth line, rélùwéè mìíràn tí wọ́n ṣí ní 2022, wà láàárín méjèèjì, àyè inú ẹ̀ sì fẹ̀. Tí mo bá ru àpótí tó kún fún èlùbọ́ dé, òun ni màá wọ̀.

Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀

Ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Tí ẹ ò bá fi kàn án lẹ́ẹ̀kejì, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ. Lórí àtẹ̀gùn tó ń gbé ara ẹ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni ká dúró sí, ká fi òsì sílẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ ka orúkọ ibùdó tó gbẹ̀yìn tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí ojú ọ̀nà kan náà lè yà sí méjì. Láti Mọ́ńdè sí Fúráídè, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, àti mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́, ni owó máa ń wọ́n, èrò a sì fún pọ̀. Ẹ jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ lọ ná.

Bọ́ọ̀sì

Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ràn jù fún àgbàlagbà. Ẹ ń rí ìta, kò sí àtẹ̀gùn gígùn kankan, owó ẹ̀ sì kéré. £1.75 ni wọ́n sọ ọ́ dà ní 2023. Ẹ yẹ iye owó ọkọ̀ wò kí ẹ tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Victoria sí Peckham, níbi tí ẹ ti máa rí iṣu, ponmọ́ àti ẹni tó máa kí yín ní "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ò dé Peckham, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì 36 dé ibẹ̀. Bọ́sítọ́ọ̀pù pọ̀ ní Victoria, lẹ́tà kan sì wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá lẹ́tà tí máàpù dárúkọ. Ẹ wò ó pé New Cross ni wọ́n kọ síwájú ọkọ̀, kì í ṣe Queen's Park, òdìkejì ibi tí ẹ ń lọ nìyẹn. Ẹ na ọwọ́ sí i. Ẹnu ọ̀nà iwájú lẹ ó bá wọlé, ẹ ó fi káàdì kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, á dún "píì". Ẹ lè kí i, kò burú, kó má sáà jẹ́ pé ẹ ń retí kó bi yín léèrè ilé. Ohùn kan á máa dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù. Bó bá ti dárúkọ tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa ara òpó; òun ló dúró fún "Ó wà o!" níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àárín lẹ ó bá jáde, ẹ má tún fi káàdì kan nǹkan kan.

Láàárín wákàtí kan sígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá tún wọ̀ ò ní gbowó, bó pé mẹ́rin, tó bá ṣe káàdì kan náà.

Títì àti takisí

Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Òsì làwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá. Takisí dúdú tó tan iná iwájú orí ẹ̀ nìkan lẹ lè na ọwọ́ sí. Ẹni tó bá wá bá yín lẹ́sẹ̀ títì pé òun ń gbé èrò, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ìsinmi

Ìparí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti àwọn ojú irin kan pa láti tún wọn ṣe. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, alẹ́ Sátidé ni kí ẹ ti wò ó. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì náà kì í ṣiṣẹ́, kódà ẹyọ kan. Tí ẹ bá máa lọ sí ìsìn lọ́jọ́ náà, ẹ ti wá ará ìjọ tó ní mọ́tò ṣáájú.