Òwú tó wà láàárín ọwọ́ méjì: bí a ṣe ń kọ́ ijó salsa Kúbà ní Párákìn

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìrẹmọ, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, Párákìn ni mo máa ń gbà lọ, níbi tí àwa bí ogún ti ń kọ́ ijó salsa ti Kúbà nínú gbọ̀ngàn àdúgbò. Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà níbẹ̀, mo sì ti ń bá olùkọ́ wa mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni àwọn àrà tí wọ́n rí lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara wọn.

Ẹsẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ mẹ́jọ la máa ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹsẹ̀ sinmi lórí ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, kó tún sinmi lórí ẹ̀jọ. Ìsinmi yẹn ló máa ń ṣòro jù fún wa, torí ó ti mọ́ wa lára láti fi ẹsẹ̀ dá gbogbo ìlù lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Olùkọ́ wa ní ká má dúró. Ó ń pàtẹ́wọ́, àwa ń jó nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi lórí sìmẹ́ńtì: bàtà gbogbo èèyàn á ró lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́, tèmi á tún ró lẹ́ẹ̀kan sí i. Látọjọ́ náà, tí mo bá ń jó nílé, mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bàtà mi láìtan orin rárá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú.

Orin náà ò ní ṣàjèjì sí yín. Igi kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní clave ló ń mú un dúró: ohùn márùn-ún, mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì. Ẹni tó bá dàgbà sídìí agogo, etí rẹ̀ á gbà á kíá. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń lu bàtá fún òrìṣà títí dòní. Ìyá ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù nínú ìlù mẹ́ta náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ṣàngó àti Yemọja lẹ́nu akọrin Celia Cruz, ọmọ bíbí Havana ní Kúbà, mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo jókòó.

Ọwọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí. Ẹ wo òwú ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá le jù, á já. Tó bá dẹ̀ jù, á lọ́ jọ sábẹ́ aṣọ. Bí ọwọ́ àwọn méjì tó ń jó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ẹni tó ń darí á tẹ́ ọwọ́ òsì, ìka rẹ̀ á ká díẹ̀ bí ìkọ́. Ẹni tó ń tẹ̀lé á gbé ìka tirẹ̀ kọ́ ọ. Àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ ẹnì kejì rárá. Nígbà tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí, mo fi àtàǹpàkò di ọwọ́ ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì mú bí mo ṣe ń yí i. Ara rẹ̀ yí, ọwọ́ rẹ̀ ò lè bá a yí. Ó kígbe, “Àǹtí, ẹ tú mi sílẹ̀!” Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi lè po ìyẹ̀fun. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lọ́jọ́ Àìkú, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń gé òwú tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fún àwọn méjì, kí kálukú fi ìka méjì di etí kan mú, kí wọ́n máa jó. Bí òwú bá já, ẹnì kan ń fà. Bó bá ń wọ́lẹ̀, ẹnì kan ò sí níbẹ̀. Ẹ ṣe é títí orin kan á fi parí láìjá.

Lẹ́yìn èyí, guapea, ìyẹn ìgbésẹ̀ ìpìlẹ̀ fún àwọn méjì tó ń jó. Ẹ dojú kọra yín, ọwọ́ òsì adarí nínú ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kejì. Ní ení, ẹ̀yin méjèèjì á padà sẹ́yìn, adarí pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì, ẹnì kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní àrún, ẹ wọlé, kí àtẹ́lẹwọ́ yín kejì pàdé. Kó kan ara wọn ni, kì í ṣe ká ti ara wa.

Àrà tó ń jẹ́ dile que no ni mo fẹ́ràn jù, torí ọ̀pọ̀ àrà ló ń gba ibẹ̀ padà sí guapea. “Sọ fún un pé rárá” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Sípáníìṣì. Ẹni tó ń tẹ̀lé á wà lọ́wọ́ ọ̀tún adarí, ọwọ́ ọ̀tún adarí lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, adarí á yà, á ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Nínú mẹ́ta kejì, ẹnì kejì á gba iwájú rẹ̀ kọjá sọ́wọ́ òsì, àwọn méjèèjì á tún dojú kọra wọn. Àṣìṣe tí mo ń rí ni kí ọkùnrin dúró sójú ọ̀nà obìnrin, kó tún máa tì í. Ẹ yà fún un. Tí ọ̀nà bá ṣí, á gbà á. Ẹ má sì rìn gbọọrọ. Ní New York àti Los Angeles, ojú ìlà kan ni wọ́n ń jó sí, ti Kúbà ń yí po.

Enchufla rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Láti guapea, ẹ padà sẹ́yìn ní ení bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ní èjì àti ẹ̀ta, adarí á gbé ọwọ́ òsì sókè, ẹnì kejì á gba abẹ́ rẹ̀ yí sí òsì, ẹ ó sì pààrọ̀ àyè. Ẹ fi dile que no parí rẹ̀. Tó bá wé gèlè, ẹ gbé ọwọ́ ga ju gèlè náà lọ.

Sombrero, ìyẹn fìlà, àti setenta, ìyẹn àádọ́rin, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nínú setenta, apá kan máa ń lọ sẹ́yìn obìnrin. Ìbàdí ni kí ọwọ́ yẹn dúró sí. Tí ẹ bá gbé e sókè, èjìká lẹ ń bà jẹ́.

Ìgbà tó bá yá, ẹ ó wọ agbo rueda, níbi tí àwọn méjì méjì ti ń jó yí po. Ní Havana ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Inú ẹgbẹ́ Casino Deportivo ni orúkọ casino, tí wọ́n ń pe ijó yìí níbẹ̀, ti wá. Ẹnì kan á máa pe àrà, gbogbo agbo á ṣe é pọ̀. Tó bá ké “Dame!”, gbogbo adarí á lọ bá ẹni tó kàn. Nílé wa níbí, ẹ lè kúrò lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kẹ́ ẹ bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà tó ju ìyá yín lọ. Ẹ kí i, “Ẹ kúùjó mà,” kí ẹ sì dín ìgbésẹ̀ yín kù fún un.

Bí ẹ bá sọnù nínú agbo, ẹ má fa ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dúró gbagidi. Ẹ padà sí guapea, ẹ máa kà á lábẹ́lẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, títí wọ́n á fi pe àrà mìíràn.