Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń pe àlejò wá sí Òṣogbo

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń mú àlejò kiri Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Mo ti mú olùkọ́ láti Jámánì wọ Igbó Ọ̀ṣun, mo ti mú ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tí kò fojú kan ilé bàbá rẹ̀ rí, mo sì ti mú àwọn olórìṣà láti Brazil tí omi bọ́ lójú wọn kí a tó dé etí odò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ń dà sómi.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi pé òun fẹ́ máa gbé àṣà Òṣogbo lárugẹ fún àwọn ará òkè òkun. Ó ti ra tíṣáàtì igba, ó ti tẹ orúkọ ìlú sára ọgọ́fà nínú wọn, ó ti sanwó fún fídíò tí wọ́n fi dróònù yà, ó sì ti ri pátákó ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Gbọ̀ngán. Mo bi í pé, "Bí àlejò bá dé lọ́la, ta ni yóò gbà á sílé? Kí ni yóò jẹ? Lọ́wọ́ ta ni yóò ti kọ́ nǹkan?" Kò rí èsì fọ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo, tí kò mọ̀ pé ọdún 2005 ni UNESCO ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kà.

Èkíní, ẹ má kó gbogbo owó yín lé oṣù kẹjọ, ìgbà ọdún Ọ̀ṣun. Ọjọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ, bá ń lọ sódò, Òṣogbo á kún dẹ́nu, kò ní sí yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, owó ọkọ̀ á sì gun òkè àjà. Ọjọ́ yẹn kò nílò pátákó ẹnikẹ́ni. Oṣù mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Igbó náà wà níbẹ̀ nínú oṣù kejì. Àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀ kò rìnrìn àjò. Nínú oṣù kejì, àlejò lè dúró níwájú ère kan fún wákàtí kan gbáko, kó máa gbọ́ ìró ọ̀bọ lórí igi, kí ẹnikẹ́ni má sì tì í. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ju ọjọ́ Arugbá lọ: Ìwọ́pópó tí wọ́n fi ń wẹ ìlú mọ́ wà níbẹ̀, alẹ́ tí wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀, Ìboríadé, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba àtijọ́ jọ fún ìwúre, náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin á kó àlejò dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ á kó wọn lọ ní àárọ̀ Sátidé, ẹ á wá máa sọ pé wọ́n ti rí ọdún Ọ̀ṣun.

Èkejì, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kéde. Ẹni tó wà ní Salvador tàbí ní Chicago ní láti gba físà, ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì tọrọ ààyè níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà, ó kéré tán.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn àtọwọ́dá. Mo gbọ́ ọ létí ara mi, afinimọ̀nà kan ń sọ fún àwọn òyìnbó mẹ́jọ pé Mami Wata ni Ọ̀ṣun, pé ó ń fa èèyàn wọ inú omi. Àbúrò mi, kí ló dé? Ìtàn tó wà nílẹ̀ kò ha dùn tó? Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, kó àwọn èèyàn wọn dé etí odò. Igi tí wọ́n gé wó lu omi, ni ohùn kan bá ké jáde láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ìkòkò aró! Aláró ni òrìṣà náà. Bí mo bá ti sọ ìyẹn tán létí odò, mo máa ń kó àwọn àlejò mi wọ ọkọ̀ lọ sí agboolé tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìkòkò náà nílẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí wọn kì í ra aṣọ níbẹ̀, mi ò sì ní láti bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbọ́ Mami Wata, kí ni yóò rà?

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ rèé, ẹ fara balẹ̀ fún mi: Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ Yorùbá létí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó wá yà fọ́tò. Ẹni tó wá yà fọ́tò á sùn ọjọ́ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ á lo oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn á lo ọdún kan. Á san owó yàrá, á dá aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀, á ra èlùbọ́ àti ata lọ́jà, á wọ ọ̀kadà, tó bá sì padà délé á sọ fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà ti wá kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì padà lọ pẹ̀lú Yorùbá tó já geere lẹ́nu wọn. Ẹni tó kúrò ní Wisconsin wá síbí kò wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wa. Ó ní tirẹ̀ nílé.

Èmi náà ṣe àṣìṣe yìí, ó sì ń dùn mí di òní. Ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Amẹ́ríkà lé mi lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta. Àbẹ̀kẹ́ la sọ ọ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é, mo fi í sílé òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti omi ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Kódà ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, tí kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ, wọ́n ní kó máa fi díẹ̀ náà kí i láràárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo bá a ní Ọjà Ọba níwájú obìnrin tó ń ta tòmátì. Ó ní, "Èló ni, mà?" Obìnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Ó sọ fún mi nígbà tí a ń lọ pé Yorùbá tí òun ń gbọ́ ní kíláàsì l'Amẹ́ríkà pọ̀ ju èyí tí òun ń gbọ́ l'Òṣogbo lọ. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ Ìyá Aláró, ẹni tí mo ti ń mú àlejò lọ bá tẹ́lẹ̀. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó gbà á sílé. Mo wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá ṣí ìkòkò, tó fa Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mọ́ra, tó ní, "Gbóòórùn ẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ fajú ro. "Ó ń rùn, mà."

"Kì í ṣe pé ó ń rùn. Ó ti tó rẹ aṣọ nìyẹn."

Ìyá ri aṣọ bọ inú rẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ kiri, ó sì fà á jáde. Àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní. Kí a tó ka méjìlá, ó ti ń di aró lójú wa. Àbẹ̀kẹ́ pariwo pé, "Ó ń yí! Ó ń yí padà!" Ìyá ní, "Atẹ́gùn ló ń mú un dú. Ká a sókùn." Ó ká a sórí òkúta. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín, ọmọdé kan sì fi okùn hàn án. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún bi mí léèrè ohun tí okùn ń jẹ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń ná ọjà bí ọmọ onílé, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ọwọ́ kún un fún mi."

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́, agboolé ni kí ẹ ná owó lé. Owó dróònù yẹn tó láti kun yàrá kan, láti ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti láti ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Ẹ bá gbogbo ilé sọ ọ́ kí àlejò tó dé: Yorùbá ni o. Bí kò bá gbọ́, ẹ tún un sọ, ẹ fọwọ́ júwe, ẹ má sáré gba Gẹ̀ẹ́sì mú. Ọ̀rọ̀ àìsàn nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Bó bá ní inú ń run òun, ẹ sọ èdè tó máa yá jù.

Ẹ fi àmì ohùn sórí Yorùbá tí ẹ bá kọ síta. Ọ̀tọ̀ ni Ọ̀ṣun, ọ̀tọ̀ ni osùn tí à ń fi para.

Ẹ má ya fọ́tò olórìṣà láì tọrọ ààyè.

Ọ̀rọ̀ owó àwọn tó ni ìmọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo kó èèyàn méjìlá lọ bá bàbá onílù kan ní Erin-Ọ̀ṣun, níbi tí ilé onílù bàtá pọ̀ sí. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, bàbá ń fi ìyáàlù sọ̀rọ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan awọ. Nígbà tí a ń lọ, mo fún un lówó ọkọ̀, mo dúpẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu lo fi ṣiṣẹ́ tìrẹ, ọwọ́ ni mo fi ṣe tèmi. Àwa méjèèjì la ṣiṣẹ́ lónìí." Òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àlejò ni mo ti ń bá onílù, aláró àti ẹni tó máa se oúnjẹ dá iye owó wọn, mo sì ń sọ fún àlejò pé ó wà nínú ohun tó ń san. Ẹ má sọ àgbà di ohun ìṣeré fún fọ́tò.

Àwọn tó ń bọ̀ láti Brazil àti Kúbà, ẹ má máa kọ́ wọn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Obìnrin kan láti Bahia bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin Ọ̀ṣun létí odò, mo sì dá a dúró nítorí kí n lè ṣàlàyé igbó. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ olórìṣà mú mi lápá, ó ní kí n dákẹ́. Ó gbé orin náà, obìnrin náà sì gbè é. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Omi odò wá ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ má bu omi náà fún àlejò mu, ẹ má sì sọ fún un pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ó ní ojú, ó sì ní fóònù.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ra tíṣáàtì yẹn padà wá ní Sátidé tó kọjá. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aláró pẹ̀lú ọgọ́rin tí kò tíì tẹ nǹkan sí lára. Ìyá fi ìka méjì pa ọ̀kan wò, ó ní, "Ṣé òwú ni àbí ọ̀rá? Ọ̀rá kì í gba aró." Ọmọ náà yí ọrùn ẹ̀wù wò, ó ní, "Òwú ni, mà."

"Ó dáa. Ká ọwọ́ ẹ̀wù ẹ sókè, kó o wá síbí."