Ìrírí mi: bí mo ṣe ṣa àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó jẹ mọ́ ihò jọ

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa kan ní èdè Yorùbá ní London. Bí a ṣe dórí "ihò àpáta", ọ̀kan nínú wọn nawọ́: "Àǹtí, kí ni àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ń pè é?" Mo ní cave náà ni. Nígbà tí mo délé tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba cave, Látìnì sì ni orísun rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066 ló wọlé. N kò lè fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lórí, ni mo bá jókòó tì í.

Ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ṣáájú ìgbà yẹn, tí Bosworth àti Toller ṣe, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ṣí. Lẹ́tà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́: þ ń dún bí th inú thing, sc sì ń dún bí ṣ tiwa gan-an. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá rí, mo máa ń wá gbólóhùn tí wọ́n ti lò ó kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìtumọ̀ lásán máa ń tan ènìyàn.

Bíbélì ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Wọ́n ti túmọ̀ ìwé Ìyìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní nǹkan bí ọdún 990. Mo ṣí Mátíù 8:20: "Foxas habbað holu." Mo gbé Bíbélì Yorùbá tì í: "Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní ihò." Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀! Hol ni ihò, holu sì ni tó bá ju ẹyọ kan lọ. Ará ilé rẹ̀ ni holh, tó di hollow lónìí. Hol yìí kan náà ló wà nínú Holborn, àdúgbò kan ní London tí a máa ń bá rélùwéè kọjá: odò kékeré tó ń ṣàn nínú ilẹ̀ tó jin kòtò ni orúkọ náà ń sọ.

Scræf ló mú mi lọ́kàn. Ihò tí ènìyàn tàbí ẹranko lè forí pamọ́ sí ni. Ewì kan wà nínú Exeter Book, ìwé àfọwọ́kọ ọ̀rúndún kẹwàá tó ṣì wà ní kàtídírà Exeter, níbi tí obìnrin kan ti ń dárò. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti gbìmọ̀ láti yà wọ́n, wọ́n sì ní kó lọ máa gbé lábẹ́ igi óákù, nínú eorðscræf, ìyẹn ihò inú ilẹ̀. Ó wá ní: "Eald is þes eorðsele." Sele ni gbọ̀ngàn ńlá tí àwọn ìjòyè ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu. Gbọ̀ngàn erùpẹ̀ ni obìnrin yìí ní, ó sì ti gbó. Mo ka ìlà yẹn títí omi fi lé sí mi lójú.

Cofa ni mo ṣì mú. Mo ti kà á mọ́ ihò àpáta, àfi ìgbà tí mo rí bāncofa, yàrá egungun, tí àwọn akéwì ń pe ara ènìyàn. Yàrá ni cofa máa ń jẹ́ jù. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Pytt, tó di pit, kò gbà mí lákòókò: kòtò ni, Látìnì ni wọ́n ti yá a.

Þyrel ló yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ihò tí wọ́n lu já ni, kì í ṣe èyí tó ní ìdí. Ēagþyrel, ihò ojú, ni fèrèsé. Inú þyrlian, lílu nǹkan já, ni thrill ti wá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kọ nosþyrl sójú pátákó. Mo sọ ohun tí þyrel jẹ́, mo sì ní kí wọ́n fi Yorùbá pè é. Ọmọ tó bi mí léèrè ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan imú. "Ihò imú!" Àṣé nostril tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́ nìyẹn.