Ẹ má kọ “a work” sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kà pé: “I am looking for a work.” Mo ní kó pa “a” yẹn rẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí iṣẹ́ kan ni mò ń wá?”

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dàrú. Iṣẹ́ tiwa ṣe é kà: iṣẹ́ kan, iṣẹ́ méjì. “Work” kò ṣe é kà, bí omi ló rí. Bí ẹ bá fẹ́ kà á, “job” ni kí ẹ lò: “a job”, “two jobs”. Ẹ sì lè ní “I am looking for work”, láìsí “a”. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn yín, “a lot of work” ni, ẹ má kọ “many works”. “Homeworks” tí àwọn ọmọ máa ń kọ, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

“Works” wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló ń gbà: “Ministry of Works” ló ń rí sí títì àti afárá, “roadworks” sì ni iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ lórí títì. “A work of art” náà wà, bí àwòrán tàbí ère. Ẹni tó bá ka lẹ́tà àbúrò mi lè rò pé ère ló fẹ́ rà!

Ìlà kẹta tún burú jùyẹn lọ: “I hardly work.” Ó rò pé òun ń sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ kára. Ohun tó kọ ni pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá. “I work hard” ló yẹ kó jẹ́. Ẹ má sì kọ “hardwork” pọ̀. Ẹ fi àlàfo sáàárín “hard” àti “work”. “Hardworking” ni wọ́n ń so pọ̀.

“Working place” náà, “workplace” ni.

Ti oògùn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. A máa ń ní oògùn jẹ́. Òyìnbó ní ó ṣiṣẹ́, “the medicine worked”. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá rán yín níṣẹ́, “work” kò sí níbẹ̀ rárá, “errand” ni.

“Ẹ kú iṣẹ́” ńkọ́? “Well done” la fi ń túmọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti ṣe nǹkan yanjú ni Òyìnbó ń sọ ọ́ fún. Ẹ sọ ọ́ fún èyí tó ṣì ń gbẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, á gbójú sókè wò yín pé kí lòun tíì ṣe.