Bí A Ṣe Ń Tọpa Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 yóò rí «hath» níbi tí a ti ń kọ «has» lónìí; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kà á sí àṣìṣe. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo gbólóhùn náà kọ, kí ẹ wo olùwà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, bíi «saith» («says» lónìí) àti «doth» («does» lónìí). Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1884, ló dára jù láti yẹ̀ wò, nítorí ó ń to àpẹẹrẹ láti ayé àtijọ́ bọ̀.

Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni «-eth», ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe tí «th» inú «hath» ti wá, ti pẹ́ jù. Láti àríwá ni «-s», ìparí inú «has», ti tàn dé London. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Èkìtì, nítorí «ulé» tí àwọn ìyá wa ń pè kì í ṣe «ilé» tí ó bàjẹ́, ẹ̀ka èdè tí ó ní ìlànà tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún «quoth» («said» lónìí): «th» ibẹ̀ kì í ṣe ìparí «-eth», ara gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni, èyí tí ó ṣì wà nínú «bequeath» (fi ogún sílẹ̀ fún ẹnìkan).