Àṣìṣe Tí Ìjọba Máa Ń Ṣe Tí Apá Kan Ìlú Bá Ní Àwọn Fẹ́ Yapa

Ọ̀pọ̀ ìjọba ló máa ń lo ìbọn àti ọ̀rọ̀ ẹnu pa pọ̀ tí àwọn kan bá ní àwọn fẹ́ dá dúró. Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni pé ohun tí ọwọ́ kan ń tún ṣe, ọwọ́ kejì ti ń tú u.

Ẹ má rán sójà sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́. Ní Derry, Àríwá Ireland, January 30, 1972, sójà ìlú ọba yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de, èèyàn 13 kú lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan tún kú lẹ́yìn náà. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń wọ́de lé lórí o, torí pé ìjọba ń ti èèyàn mọ́lé láìgbé wọn dé kóòtù ni. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ wá ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ bá IRA, ìyẹn àwọn agbébọn tó fẹ́ kí Àríwá Ireland kúrò lábẹ́ ìlú ọba. Ìwádìí tí wọ́n sáré ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dá àwọn sójà láre tán, 2010 ni David Cameron, olórí ìjọba ìlú ọba nígbà yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Ọdún 38! Ẹni tó fẹ́ pàrọwà ò gbọdọ̀ parọ́.

Ẹ má sì rò pé ibi tó bá ti dákẹ́ ti gbà. Ní Mizoram, India, ní 1959, ọparun yọ òdòdó, eku wá pọ̀, wọ́n jẹ oko run, ìyàn mú. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò oúnjẹ nígbà ìyàn yẹn ló yí padà di ẹgbẹ́ òṣèlú, tí wọ́n gbé ìbọn ní 1966, torí wọ́n ní ìjọba ò ka àwọn sí. Ìjọba ní kí bàálù ogun lọ ju bọ́ǹbù sí Aizawl, ìlú ara wọn o, wọ́n tún kó àwọn ará abúlé kúrò lóko wọn lọ sí ẹ̀bá títì níbi tí sójà á ti máa ṣọ́ wọn. Ọdún 20 kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé àlàáfíà ní June 1986, Laldenga tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbébọn ló sì wá di olórí ìjọba ibẹ̀. Ó dájú pé kò rọrùn láti gbé mì, àmọ́ ká ní wọ́n ti pa á ńkọ́, ta ni wọ́n fẹ́ bá fọwọ́ síwèé?

Àwọn kan á ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń na ọmọ, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ní òun ò ṣọmọ yín mọ́ ńkọ́? Ìlérí lásán ò lè fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ìjọba Indonesia ní Jakarta fún Aceh, agbègbè kan tó fẹ́ yapa níbẹ̀, lómìnira díẹ̀ nínú òfin 2001, wọ́n wá fi ìjọba ológun lé e ní 2003, ta ló máa gbà wọ́n gbọ́? Àdéhùn Helsinki ti 2005 yàtọ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Aceh á máa mú ìdá 70 nínú 100 owó epo àti gáàsì ilẹ̀ rẹ̀. GAM, ìyẹn àwọn agbébọn Aceh, kó ìbọn 840 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, bí wọ́n bá ṣe ń kó tiwọn sílẹ̀ ni sójà náà ń kẹ́rù kúrò níbẹ̀, àwọn àlejò láti Yúróòpù àti Éṣíà sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń kà á.