Bí mo ṣe lọ ra léèsì ní Lustenau

Àwa tí à ń ta léèsì ní Balógun, orúkọ Lustenau kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìlú kékeré ni, ní Vorarlberg, ìwọ̀ oòrùn Austríà, létí odò Rhine. Bí èèyàn bá ti sọdá afárá, ó ti dé Swítsàlandì nìyẹn. Láti àwọn ọdún 1960 ni aṣọ ibẹ̀ ti ń wọ Èkó, nígbà tí owó epo sì dé lẹ́yìn náà, òde wo ni wọn ò ti wọ̀ ọ́? Ọwọ́ alágbàtà ni mo ti ń gba ọjà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí n lọ fojú ara mi rí i, kí n sì fi ìyókù ìrìn àjò náà ṣe fàájì díẹ̀.

Físà ló gba àkókò jù. Zürich ní Swítsàlandì ni mo fẹ́ balẹ̀ sí torí ibẹ̀ kò jìnnà sí Lustenau, mo sì fẹ́ gba Munich ní Jámánì padà wálé. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta nìyẹn, àmọ́ físà Schengen kan, ìyẹn físà àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ló kárí gbogbo wọn. Ibi tí èèyàn bá máa pẹ́ sí jù ló ti ń tọrọ rẹ̀, nítorí náà Austríà ni mo kọ̀wé sí. 90 yúrò ni owó rẹ̀, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá ní rárá. Ẹ máa nílò ìnṣọ́ránsì ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò. Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ aláṣọ fi pè mí ló gbè mí jù lójú tèmi. Mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ àti ohun tí mo ń bọ̀ wá rà sínú rẹ̀, kó má kàn jẹ́ pé oníbàárà àwọn ni mí.

Kí n tó lọ, mo yà kí Àlájà tó kọ́ mi lówò. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "bí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Iwájú ò níṣòro, wọ́n ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún ẹ." Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Abẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Zürich gan-an ni rélùwéè wà. Mo wọ èyí tó gba Winterthur àti St. Gallen lọ sí St. Margrethen, mo wá pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ lọ sí Lustenau. Ẹnikẹ́ni ò béèrè páálí lọ́wọ́ mi lórí odò Rhine. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín o: Swítsàlandì wà nínú Schengen, kò sí nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kọ́sítọ́ọ̀mù sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ààlà náà. Èèyàn lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ dúró.

Ní ilé iṣẹ́ náà, ariwo ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀rọ kan gùn tó yáàdì 15, abẹ́rẹ́ tò lára rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, gbogbo wọn ń gún aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rò pé abẹ́rẹ́ ló ń rìn káàkiri láti ya òdòdó. Rárá o, aṣọ ló ń rìn! Wọ́n nà án sórí férémù tó dúró gbọn-ọn, férémù náà ń lọ sókè, sódò, sọ́tùn-ún, sósì, abẹ́rẹ́ kàn ń wọlé, ó ń jáde. Ọmọ Swítsàlandì kan, Isaak Gröbli, ló dá irú ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ ní 1863. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀ báyìí.

Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń tún aṣọ ṣe ni ọ̀rọ̀ Àlájà yé mi. Bí òwú bá já, abẹ́rẹ́ kan á fo ojú iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí á tẹ́ aṣọ síwájú iná, wọ́n á wá ibi tó fò, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ dí i. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ láti iwájú. Àmọ́ lẹ́yìn, òwú á ki díẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ púpọ̀, mo tì í sẹ́yìn, ọkùnrin tó ń tà á fún mi sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Cord lace ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, wọ́n á sì mú kí aṣọ náà yòrò dànù, iṣẹ́ òwú nìkan á ṣẹ́ kù.

Mítà ni wọ́n fi ń wọn aṣọ lọ́hùn-ún. Yáàdì 5 jẹ́ mítà 4.57, nítorí náà mo ní kí wọ́n kọ yáàdì sórí ìwé ọjà. Mo tún béèrè bóyá ará Èkó míì ti ra àrà tí mo yàn. Ohun tí yóò kún ọjà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Fàájì tèmi, Bregenz ni, ìlú kan nítòsí Lustenau. Mo wọ ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn irin (cable car) gun òkè Pfänder, tó ga ní mítà 1,064, mo sì rí adágún Constance àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta láti orí ibì kan. Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lindau ní Jámánì. Ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì pa, torí náà owó mi sinmi.

Ọjà tí mo fẹ́ tà, kágò ló gbé e. Èyí tí mo rà fún ara mi ni mo gbé dání, òun sì ni mo gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba owó orí padà lé lórí. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT Austríà, ìyẹn owó orí tó wà nínú iye ọjà. Àlejò tí kì í gbé inú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan lè gbà á padà bí ohun tó rà bá ju 75 yúrò lọ. Ìdí tí mo fi gba Munich padà nìyí: ká ní Zürich ni, Swítsàlandì ì bá gba owó orí tiwọn lórí ohun tó bá ju 150 fráǹkì lọ. Ní Munich, ẹ má tíì fi báàgì sílẹ̀ o. Wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ẹ ó gbé e lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ìgbà náà lẹ tó lè fi í sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó tú tèmi wò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi aṣọ tó pọ̀ tó yẹn ṣe. Mo ní ìgbéyàwó àbúrò mi ni. Ó lu òǹtẹ̀. Owó tí mo gbà padà kò pé bó ṣe wà lórí ìwé, torí àwọn tó ń dá a padà yọ owó iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ó tó san owó ẹrù mi tó wúwo kọjá ìwọ̀n.